Kọ́tìnì fún Ìbò Ìyá Àgbà

Sàìbéríà,
3 Oṣù Kọkànlá, 1996.

Kira ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òjò Bergen yẹn kò tíì sọ ọ́ di ẹja? Ara àwa le níbí, a dúpẹ́. Yìnyín ti bo gbogbo àgbàlá, irin amúlégbóná sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé, àfi ti yàrá tèmi tó kàn ń kùn lásán tí kò gbóná. Ìyá àgbà ń kí ọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ọwọ́ rẹ ti kán ni, tí o fi lo gbogbo ìgbà ooru láìkọ lẹ́tà kan sílé. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, àwọn ni.

Ìròyìn wà nílẹ̀. A fẹ́ dìbò yan olórí ìlú. Má yọ ṣùtì sí mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, òkè ni wọ́n ti máa ń fi ẹni tó máa jókòó lé wa lórí ránṣẹ́ sí wa, bí ẹni fi ẹrù ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí àwa fúnra wa yàn án. Àwa tí a lé ní mílíọ̀nù kan nílùú yìí! Mo dúró sí ibùdó tíráàmù lánàá, mo ń wo àwọn èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde, mo ní nínú ọkàn mi pé, àṣé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wà, ọwọ́ obìnrin tó gbé àpò ànàmọ́ yìí, ọwọ́ ọkùnrin tó ń sín yìí. Orí mi wú. Mo jẹ́ kí tíráàmù mi lọ láìwọ̀ ọ́.

Àwọn mẹ́ta ló ń du ipò náà. Gordeyev ni àkọ́kọ́, òun ló wà lórí àga báyìí, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Èkejì ni Pashutin oníṣòwò sọ́séèjì, tí àwòrán rẹ̀ wà lára gbogbo ògiri, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí wa jẹ. Ẹ̀kẹta ni Dókítà Yakimova ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Lábẹ́ orúkọ wọn, wọ́n tún fi ìlà kẹrin sí i pé: ‘Mo lòdì sí gbogbo wọn.’ Ẹni tí kò bá fẹ́ ìkankan lè fi àmì sí ibẹ̀. Ǹjẹ́ o gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ìjọba fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pé ó ṣeé ṣe kí a má fẹ́ ẹnikẹ́ni?

Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó máa bójú tó ìdìbò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Eduard Maksimovich tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ni alága wa. Rimma aládùúgbò wa náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Wọ́n ní àwọn máa lọ dìbò fúnra àwọn. Kira, o mọ̀ pé òkè pátápátá ilé alájà márùn-ún la wà, kò sì sí lífítì. O mọ̀ pé láti ìgbà tí egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́, wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀ dé àgbàlá. Mo ní, ‘Màámá, a ní àpótí kékeré kan tí a máa gbé lọ bá àwọn tí kò lè dìde. Èmi àti Rimma máa gbé e wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì.’ Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ.

‘Ṣé kọ́tìnì wà lára àpótí náà?’

‘Kọ́tìnì kẹ̀?’

‘Kọ́tìnì, Taisia. Èyí tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀ dìbò.’

‘Màámá, kí lẹ fẹ́ fi kọ́tìnì ṣe? Inú yàrá ara yín lẹ ṣáà máa wà.’

‘Tí kò bá ti sí kọ́tìnì, kì í ṣe ìbò. Mo máa sọ̀kalẹ̀.’

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn, kí o kọ̀ fún wọn. Ìwọ nìkan lo lè sọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbà. Tún bá wa wá gíláàsì ọlọ́wọ́ tó ń sọ ìwé di ńlá, kí wọ́n lè rí orúkọ àwọn èèyàn yìí kà. Kí o má sì jẹ́ kí n tún máa wo ojú ọ̀nà títí yìnyín yóò fi yọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Taisia.


Bergen,
16 Oṣù Kọkànlá, 1996.

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí ìyá àgbà gidigidi, ẹ ní ọwọ́ mi kò kán, ẹja ló gbà á. Níbi iṣẹ́ wa, a ń gé ẹja láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá sì délé, bírò gan-an ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú.

Mo ti ra gíláàsì náà. Ó wà nínú páálí pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ìbọ̀sẹ̀ onírun fún ìyá àgbà.

Nípa ìdìbò yín, kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Màámi, ta ló tàn yín? Gordeyev ló máa wọlé, torí òun ló ni àwọn tó máa ka ìbò. Tí òun kò bá sì wọlé, Pashutin máa fi sọ́séèjì rẹ̀ ra ipò náà. Dókítà yẹn ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa tọ́jú àwọn ọmọdé rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin wá fẹ́ máa gbé àpótí gun àtẹ̀gùn káàkiri àdúgbò pẹ̀lú àìlera yín, torí àwọn wọ̀nyí? Mi ò ní í kọ̀wé sí ìyá àgbà lórí ọ̀rọ̀ kọ́tìnì. Ẹ ní kí wọ́n fagi lé gbogbo wọn, kí wọ́n yíjú sí ògiri, kí wọ́n sùn.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ ọ́: ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà. Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ orúkọ olórí ìlú wọn, iná kì í sì í kú. Kí lẹ tún ń dúró dè níbẹ̀? Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fèsì sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́tìnì.

Èmi ọmọ yín,
Kira.


Sàìbéríà,
2 Oṣù Kejìlá, 1996.

Kira,

Páálí rẹ dé, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ dé pẹ̀lú, ìyẹn ni mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lé lórí.

O mọ̀ pé etí ìyá àgbà ni mo ti ń ka lẹ́tà rẹ sókè. Bí mo ṣe ń kà á lọ, mo kàn bọ́ sórí ibi tí o ti ní kí wọ́n fagi lé gbogbo wọn kí wọ́n sì sùn. Ẹnu mi ti sáré kà á kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Wọ́n yíjú sí ògiri lóòótọ́. Wọ́n ní, ‘Ó tó, Taisia. Gbé e sílẹ̀.’ Títí di òní, wọn ò jẹ́ kí n ka èyí tó kù. Gíláàsì tí o rà, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi, èmi ọmọ tí wọ́n bí.

Ìwọ ò fi bẹ́ẹ̀ bá àwọn ìdìbò àtijọ́ pàdé. Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ìwé. Tí o bá fẹ́ ẹni náà, o ò ní kọ nǹkan kan, o kàn máa ju ìwé náà sínú àpótí. Tí o ò bá fẹ́ ẹ, wàá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ fagi lé orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wá wọ ibẹ̀, gbogbo ojú ti rí i, wọ́n ti mọ ohun tó lọ ṣe. Kọ́tìnì náà pupa, ó dára, wọ́n á ti lọ̀ ọ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í sì í débẹ̀. Ìyá àgbà ní lọ́dún kan, ní ilé-iṣẹ́ bàtà tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá kan níbẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì náà. Kò pẹ́ ju ẹni tó so okùn bàtà lọ kó tó jáde. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti bọ́ nípò ọ̀gá, ó ń gbálẹ̀.

‘Mo sì ní ìwọ,’ wọ́n ní. ‘O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ni mo bá ń ju ìwé náà sínú àpótí, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, mò ń ra ọsàn fún ọ níbi tí wọ́n ti máa ń tajà lọ́jọ́ ìdìbò, a jọ ń lọ sílé. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọjá níwájú kọ́tìnì yẹn, Taisia. Mo fẹ́ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Kira wá rò pé eré ni mò ń ṣe.’

Mo rántí ọsàn náà, Kira. Mo rò pé ọjọ́ ọdún ni. Mo wá ń wo ẹ̀yìn orí wọn bí wọ́n ṣe kọjú sí ògiri, ó jọ mí lójú pé mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Àwọn àgbàlagbà ló ń ṣòro fún wa nínú ìdìbò tuntun yìí. Wọn kì í fagi lé èèyàn mọ́. Ẹni tí o bá fẹ́ lo máa fi àmì sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti mọ́ ti àtijọ́, àwọn mìíràn ṣì ń fa ìlà gba orí ẹni tí wọn ò fẹ́, ìwé náà á sì bàjẹ́. Mo ti gé àpẹẹrẹ ìwé ìbò láti inú ìwé ìròyìn, ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi kọ́ wọn. ‘Ẹni tí a fẹ́ la ń fi àmì sí, Màámá.’ Wọ́n á dá mi lóhùn láti ara ògiri pé, ‘Mi ò dìbò mọ́.’

Àyà wọn ò dára. Dókítà tó wá wò wọ́n fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún wọn. O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni ìdìbò. Ṣé kí n gbé wọn sọ̀kalẹ̀ nínú òtútù tó ń fọ́ ìgò yìí, kí wọ́n kú sórí àtẹ̀gùn? Ṣé kí n sì kọ̀ fún wọn, kí wọ́n kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn? Ìwọ lo mú wọn yíjú sí ògiri, ìwọ ni kí o mú wọn yí i padà.

Taisia.


TẸLIGÍRÀÀMÙ
Bergen, 14 Oṣù Kejìlá, 1996.

Sí Fevronia Ignatievna. Ìyá àgbà, mo ṣẹ̀ yín, mi ò mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ o, òtútù máa pa yín. Ẹ̀tọ́ yín ni kọ́tìnì. Ẹ ní kí wọ́n gbé e gòkè wá bá yín. Kira.


Sàìbéríà,
24 Oṣù Kejìlá, 1996.

Kira ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ìyá àgbà wà láàyè, má fòyà. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ kọ.

Nígbà tí tẹligírààmù rẹ dé, wọ́n ní kí n kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá yíjú padà, wọ́n na ọwọ́ sí gíláàsì tí o rà, wọ́n fi ka ìyókù lẹ́tà rẹ fúnra wọn. ‘Ọmọ gidi ni,’ ni wọ́n wí. ‘Lọ sọ fún alága yín kó gbé kọ́tìnì wá.’

Mo lọ bá Eduard Maksimovich. Ó di orí rẹ̀ tó pá mú. ‘Taisia Nikanorovna, ẹ ṣàánú mi! Kọ́tìnì tí wọ́n kà fún mi ni mo fọwọ́ sí. Tí ọ̀kan bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé?’ Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, ‘Òfin kàn ní ìbò gbọ́dọ̀ wà ní àṣírí ni. Kò dárúkọ aṣọ.’ Mo kí i pé ó ṣeun. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan.

Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo rò pé a máa jókòó wo ara wa di alẹ́ ni. Àfi bí mo ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ tí mo rí èèyàn! Wọ́n tò yí ilé náà ká, èéfín ẹnu wọn ń gòkè lábẹ́ iná òpópónà, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ọkùnrin kan fi ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀wù ara rẹ̀, orí ọmọ nìkan ló yọ síta. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ló sì wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Gbogbo wọn, Kira! Bàbá arúgbó kan kọ́kọ́ gbé etí kọ́tìnì sókè, ó yọjú wo inú rẹ̀ fínnífínní.

Rimma ní, ‘Bàbá, kò sẹ́ni níbẹ̀ o.’

Ó ní, ‘Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn.’

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀san, èmi àti Rimma gbé àpótí kékeré, a gba inú yìnyín lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò lè dìde. Mo rò pé àwọn aláìsàn la fẹ́ lọ bá. Ọkùnrin tí a kọ́kọ́ wọlé tọ̀, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ti fá irùngbọ̀n, ó kó gbogbo àmì-ẹ̀yẹ ogun sí àyà pijámà. Ní ilé tó tẹ̀lé e, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, tíì ti gbóná, búrẹ́dì dídín oníkábéèjì ti wà nílẹ̀, wọ́n ní àpótí náà ò gbọdọ̀ kúrò láìjẹ́ pé àwa tó gbé e wá jẹun. Rimma ní tó bá máa rí báyìí, kí wọ́n máa dìbò lóṣooṣù.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé tiwa. Ìdì ìyá àgbà ti tú sílẹ̀ lórí àga. O mọ ìdì tí mò ń wí, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí, aṣọ tí wọ́n ní ká fi sin àwọn. Mo sáré wọ yàrá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, wọ́n sì ti wọ gbogbo rẹ̀ tán: kaba búlúù, ìborí funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun, àti bàtà tuntun, lórí bẹ́ẹ̀dì! Bí wọ́n ṣe dá a wọ̀, mi ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí.

‘Màámá! Ẹ ti tú ìdì yẹn?’

‘Ṣé aṣọ rẹ ni?’

‘Kí lẹ wá máa wọ̀ nígbà... nígbà tó bá yá?’

‘Wàá fọ̀ ọ́. Àbí ọjọ́ tí mi ò ní lè rí ara mi lo fẹ́ kí n wọ aṣọ tó dára jù? Kọ́tìnì dà?’

Rimma bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tóbi jù yọ.

‘Olódòdó kẹ̀! Pupa ni kọ́tìnì ìdìbò.’

‘A ò ní pupa, Màámá.’

‘Ó dáa. Ẹ gbé olódòdó yín wá.’

Mo fún wọn ní ìwé ìbò, mo fún wọn ní bírò tó wà lápò mi. Èmi di etí aṣọ kan mú, Rimma di èkejì, a na ọwọ́ sókè, a kọ ẹ̀yìn sí wọn. ‘Ẹ gbé e sókè sí i,’ wọ́n ní, ‘mo ń rí orí Rimma.’ A gbé e sókè sí i. Ilé pa rọ́rọ́. Mò ń gbọ́ èémí wọn, mò ń gbọ́ ìró bírò lórí ìwé. Ó pẹ́. Apá mi ń gbọ̀n, mi ò sì jẹ́ gbé e sílẹ̀. Mo ronú pé obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà lẹ́yìn aṣọ yìí, kò sì sí ẹnì kan láyé, títí dé ọ̀dọ̀ ààrẹ nínú ààfin rẹ̀, tó lè mọ ohun tó ń kọ. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Mo ti dàgbà, mo ti kọ́ ọmọ àwọn ọmọ ẹlòmíì, mi ò rí nǹkan tó tóbi báyìí rí nínú ilé wa.

‘Mo ti ṣe tán,’ ni wọ́n wí. Fúnra wọn ni wọ́n ká ìwé náà, fúnra wọn ni wọ́n fi sínú àpótí, wọ́n sì fọwọ́ pa á lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n sùn lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Báyìí ni mo wá dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí ìdìbò parí, àpótí kékeré la kọ́kọ́ tú. Eduard Maksimovich ń gbé ìwé sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wa lè rí i. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró. Wọ́n fagi lé Gordeyev. Wọ́n fagi lé Pashutin. Wọ́n fagi lé Dókítà Yakimova. Wọ́n fagi lé ‘Mo lòdì sí gbogbo wọn’ pẹ̀lú. Kò sí àmì kankan níwájú ẹnikẹ́ni. ‘Eléyìí ò tiẹ̀ fẹ́ kí òun má fẹ́,’ ni alága wí, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e sọ́dọ̀ àwọn tó ti bàjẹ́. Bírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́. Bírò tó wà lápò mi nìyẹn, Kira, kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ìyókù. Èmi àti Rimma ò wo ojú ara wa.

Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe kọ́ wọn! Ọwọ́ wọn ti padà sí ti àtijọ́. Wọ́n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn, ìbò náà sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò kéde èsì. Gordeyev kò wọlé. Pashutin kò wọlé. Dókítà Yakimova sún mọ́ ọn, kò wọlé. Ìlà kẹrin ló borí gbogbo wọn! Ìlú tó tóbi báyìí dìde nínú òtútù, ó tò sórí ìlà, ó lọ sọ pé rárá. Nínú tíráàmù, ńṣe ni àwọn èèyàn ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu. A máa tún ìbò dì ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta, Gordeyev ò sì ní í bá wọn díje mọ́, ó ní ó ti rẹ òun.

Ìyá àgbà gbọ́ rédíò, wọ́n mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n jẹ ọbẹ̀, wọ́n ní kí n tún bù sí i. Wọn ò mọ̀ pé ìbò tiwọn ò sí nínú rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn? Tí mo bá sọ ọ́, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni mò ń pa fún wọn lójoojúmọ́. Má pẹ́ kí o tó fèsì.

Ìyá rẹ.


Bergen,
13 Oṣù Kìíní, 1997.

Màámi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìdìbò, ẹ kú ohun tí ojú yín rí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀. Mo tún un kà fún onílé mi, obìnrin tó ti ń dìbò láti ìgbà èwe rẹ̀ bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì. Ó ní kí n tún ibi aṣọ bẹ́ẹ̀dì kà fún òun. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síta, ó dúró nínú òjò fúngbà díẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn, Màámi. Mo mọ̀ pé ó le. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé wọn ni àwọn èèyàn fi ń bá wọn pinnu ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ àti èyí tí kò yẹ. Ẹ má di ọ̀kan lára àwọn yẹn. Tí wọ́n bá sunkún, kí ẹ bá wọn sun ún.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí n sùn. Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n fagi lé gbogbo wọn? Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ ni! Tó bá jẹ́ pé ẹnu mi ni wọ́n tẹ̀lé, èmi ni mo ba ìbò wọn jẹ́, mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n. Ẹ bá mi bi wọ́n. Mi ò sì ní í sọ ọ́ mọ́ pé kí ẹ kó ẹrù yín. Mo ti rí ohun tí ẹ ń dúró dè.

Kira yín.


Sàìbéríà,
2 Oṣù Kejì, 1997.

Kira,

Èmi ni mò ń kọ ọ́ fúnra mi, gíláàsì rẹ ni mo fi ń wo ọ̀nà. Má wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ìwé, ọwọ́ ló ń gbọ̀n, orí pé. Mo kí ọ. Mò ń jẹun. Mò ń mí, àmọ́ ó ń gba agbára.

Ìyá rẹ wọlé wá bá mi, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó fẹ́ kéde òkú. Ó di ọwọ́ mi mú. ‘Màámá, ìwé yín bàjẹ́. Wọn ò kà á. Ẹ fagi lé wọn dípò kí ẹ fi àmì sí i.’ Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ó rò pé mo ti ń lọ nìyẹn, ó sáré lọ pe Rimma.

Ṣé ẹ̀yin méjèèjì rò pé mo ti ń ṣarán ni? Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ fi òfin tuntun dí mi létí. Mo mọ ibi tí àmì ń lọ. Iwájú dókítà àwọn ọmọdé yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi sí. Mo mú bírò. Mo wo ọ̀tún, aṣọ. Mo wo òsì, aṣọ. Mi ò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ni ọwọ́ mi bá rántí pé iṣẹ́ àtijọ́ kan ṣì wà nílẹ̀. Mo fa ìlà gba orí Gordeyev, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń fagi lé. Orúkọ tí mo jù sínú àpótí nígbà tí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, àti èyí tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ó dùn mọ́ ọwọ́ mi, mi ò lè dá a dúró títí ìwé fi tán. Ẹnu rẹ kọ́ ni mo tẹ̀lé, má gba ògo ohun tí o ò ṣe. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ bàtà yẹn ni mo tẹ̀lé wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó pẹ́ kí n tó tẹ̀lé e, àmọ́ mo débẹ̀.

Tèmi nìyẹn, kò sí ohun tó kàn wọ́n láti kà á. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kẹta, mo fẹ́ bá ìlú yan olórí, pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo, níbi tó yẹ kó wà. Ìyá rẹ ti fọ kaba náà, ó fẹ́ dì í padà sínú ìdì. Mo ní kó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ṣì ń lò ó. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí oṣù kẹta fún mi. Mo ní mi ò bi í.

Rimma ní apá òun ò gba ìyẹn mọ́ láéláé. Nítorí náà, wá sílé kí o wá di etí aṣọ kan mú. Wọ bàtà tó nípọn, yìnyín ò ní í tíì yọ́ tán. Kí o sì kọ ẹ̀yìn sí mi dáadáa o, mi ò fẹ́ kí o rí ẹni tí mo yàn.

Fevronia.